Ọwọ́ Afọwọ́wọ̀n àti Ẹ̀rọ Ooru Abẹ́ Àjà

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, kò sí ohun tó jọ ewu nínú ilé Afọwọ́wọ̀n. Ìyá rẹ̀ ti jókòó sórí àga rẹ̀ nínú yàrá, ó ń hun súwẹ́tà ọmọdé pupa kan tó ku apá kan. Ẹ̀rọ ooru tí ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe so rọ̀ lábẹ́ àjà, ó ń yá ìyá àgbà náà lára láti èjìká dé ẹsẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Afọwọ́wọ̀n fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbé ife tíì dání, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò kìíní nílé ìwé.

"Màmá, ṣé ó ń dé ẹsẹ̀ yín?"

"Ó ń dé ibẹ̀ o, ọkọ mi. Òtútù tó ń bá mi fà á látọdún yìí ti sá lọ. Ọwọ́ rẹ kò ní rọ."

"Àmín, Màmá."

Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó wọ bàtà, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Wọn kì í ṣàdédé pe èèyàn ní Afọwọ́wọ̀n. Ó lé ní ogún ọdún tó ti ń jó irin pọ̀, kò sì sẹ́ni tó rí téèpù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Bó bá fẹ́ mọ gígùn irin, á na ìka lé e. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irin ti tutù, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń bọ́ sí i. Ìyẹn gan-an ló kó bá a, torí ẹni tí nǹkan bá ti ń bọ́ sí fún lọ́jọ́ pípẹ́ kì í mọ ọjọ́ tí kò ní bọ́ sí i mọ́.

Oṣù kan ṣáájú ni olùdarí ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ kan ti wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Gbọ̀ngàn tí àwọn ọmọ ti ń sùn lọ́sàn-án ga, símẹ́ńtì sì ni ilẹ̀ rẹ̀," obìnrin náà ní. "Bí a bá gbé ẹ̀rọ ooru sílẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kàn án. Èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, gbogbo ooru rẹ̀ ló ń gòkè lọ bá àjà. Kí lẹ rò pé a lè ṣe?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé e kọ́ sókè, mà," Afọwọ́wọ̀n dá a lóhùn. "Ẹ wo oòrùn. Ṣé ó ń bá wa gbé nílẹ̀ ni? Òkè ló wà, ó sì ń yá wa lára. Bí ọ̀pá iná bá pọ́n, tí páànù dídán wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dá ooru padà, tààrà ni ooru náà á wá sára àwọn ọmọ àti sórí ilẹ̀ tí wọ́n sùn sí. Kò ní dúró ṣòfò nínú afẹ́fẹ́."

Òótọ́ ló sọ. Orí ọkùnrin náà pé, ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn dù ú. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹ̀rọ náà sára pákó, ó gbé pákó náà lọ fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí ni kí ó máa yẹ ẹ̀rọ iná wò ní ilé iṣẹ́ aránṣọ ńlá kan kí ẹnikẹ́ni tó lò ó. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni.

"Kí ló máa gbé e dúró?"

"Ṣéènì méjì ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ibo lo máa kọ́ ṣéènì sí?"

"Ara àjà náà ni."

"Pákó àjà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn? Ológbò tó bá sanra díẹ̀ á já a. Igi òrùlé tó wà lókè pákó ni kó o kọ́ ọ sí." Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. "Wáyà tó nípọn, tí ooru kò ní yọ́. Súìṣì tirẹ̀ lára ògiri, níbi tí ọwọ́ àgbàlagbà á ti tètè tó o. Má jẹ́ kó bá fìríìjì àti rédíò pín sọ́kẹ́ẹ̀tì. Fi wáyà tó ń wọnú ilẹ̀ sí i, torí irin ni ara rẹ̀. Bí iná bá jò sára irin, inú ilẹ̀ ni kó gbà lọ, kó má gba ara èèyàn. Kó o sì fi àwọ̀n irin bo iwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìsàlẹ̀ ni ooru kọjú sí. Kí ló kan ẹ̀yìn?"

"Ìkòkò tí wọ́n gbé kaná, ṣé ìdí rẹ̀ nìkan ló máa ń gbóná ni?"

Afọwọ́wọ̀n rẹ́rìn-ín.

"Páànù méjì ni kó o fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, àbúrò mi. Jẹ́ kí àyè wà láàárín wọn tí atẹ́gùn á máa gbà kọjá. Kó o sì fi apaná sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀rọ márùn-ún náà, mẹ́rin tàwọn ọmọ àti ọ̀kan ti Màmá."

Nǹkan pẹlẹbẹ kékeré kan tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ ni ohun tó ń pè ní apaná. Wọ́n máa ń so ó mọ́ ojú ọ̀nà wáyà nínú ẹ̀rọ. Bí ooru bá ti kọjá ibi tó yẹ, á gé iná fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wá márùn-ún fún un. Ó tún yá a ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń ka ìwọ̀n ooru, ó wà nínú páálí rẹ̀.

"Èyí ni kó o fi wọ̀n ọ́n o. Mi ò ní kó o fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó gbọ́ lóòótọ́, ó sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó kọ́ ṣéènì sí igi òrùlé. Ó ra wáyà gidi. Ó fi àwọ̀n bo iwájú, ó fi súìṣì sára ògiri. Ẹ̀yìn nìkan ni kò ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ó ní bí òun bá fi páànù méjì ṣe é, á wúwo, ikùn rẹ̀ á sì yọ bíi ti aláboyún. Òtútù sì ti ń wọlé bọ̀, olùdarí ń béèrè ìgbà tí iṣẹ́ máa parí. Páànù kan ṣoṣo ló fi ṣe é.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù, kò tíì pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí nǹkan fi dún tá! Iná kú. Ó dúró kó tutù, ó tún tàn án. Tá! Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Tá! Ó gbé àkàbà, ó gùn ún, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn páànù náà.

"Kò kúkú gbóná tó bẹ́ẹ̀," ó dá sọ fún ara rẹ̀. "Apaná yìí ni kò dáa."

Ó yọ ọ́. Ó so orí wáyà méjèèjì pọ̀, ó fi téèpù dúdú wé e. Ẹ̀rọ náà jó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò kú mọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí márààrún, ó kọ́ ọ̀kan sí yàrá ìyá rẹ̀, ó gbé mẹ́rin tó kù lọ sí gbọ̀ngàn àwọn ọmọ.

Ó yẹ ká dúró níbí díẹ̀. Nǹkan kékeré yẹn kò bàjẹ́ rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sọ òótọ́ fún un, ó sì gé e lẹ́nu. Ọwọ́ tí iná ti ń ta sí fún ogún ọdún, tí awọ rẹ̀ ti yi bí àtẹ́lẹsẹ̀, ni ó gbà gbọ́. Kó tó gun àkàbà dé òkè pàápàá, iná ti kú, atẹ́gùn ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù sì ti ń fẹ́ sí páànù náà. Ẹ̀rọ tó ń ka ooru wà nínú páálí lórí pẹpẹ, fìlà rẹ̀ ló fi lé e lórí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í lórí fóònù pé, "Ṣé o ti wọ̀n ọ́n?" ó ní, "Mo ti wọ̀n ọ́n." Kò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ọjọ́bọ̀. Bí aago mẹ́wàá ṣe lù, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wínníwínní. Aṣọ tí ìyàwó sá kò lè gbẹ. Màmá wo ìborùn rẹ̀ tó ṣì tutù, ó wo ẹ̀rọ tó wà lókè. Obìnrin náà kì í fẹ́ kí nǹkan ṣòfò. Ó fa àpótí ìjókòó kékeré kan, ó gùn ún, ó tẹ́ ìborùn náà sẹ́yìn ẹ̀rọ. Kò rò pé ewu wà níbẹ̀. Ọmọ òun náà ló sọ fún òun pé ìsàlẹ̀ ni ooru kọjú sí.

Ó padà sídìí súwẹ́tà rẹ̀. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ó gbọ́ òórùn. Ó gbójú sókè, ó rí èéfín, iná sì ti yọ létí ìborùn. Kò ké. Ó dìde, ó tún gun àpótí náà, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó fà á bọ́. Aṣọ tó ń jó náà wé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìgbà yẹn ló wá ké.

Ìyàwó sáré wọlé, garawa omi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ì bá da omi náà sókè lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ yìí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti wí fún un lórí fóònù pé, "Omi àti iná mànàmáná kì í ṣọ̀rẹ́. Pa súìṣì ná, kó o tó ṣe ohunkóhun." Ó gbé garawa sílẹ̀, ó pa súìṣì ara ògiri. Ó ri aṣọ kan bọ inú garawa náà, ó fi bo ọwọ́ Màmá àti ìborùn náà pọ̀, iná kú. Ó mú un lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ń jẹ́ kí omi tútù ṣàn lé ọwọ́ náà lórí fún ogún ìṣẹ́jú, ó fi ọwọ́ kejì pe ọkọ rẹ̀.

"Ẹ máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn. Iná ti jó Màmá lọ́wọ́."

"Iná wo?"

"Iná tiyín ni."

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ń fi aṣọ funfun wé ọwọ́ ìyá rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka.

"Ta ló bu omi sí i?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Èmi ni, mà," ìyàwó dáhùn.

"Ẹ ṣeun tí ẹ kò fi òróró tàbí ọṣẹ ìfọyín ra á. Omi tútù lásán ni, kó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ì bá ju báyìí lọ."

Afọwọ́wọ̀n kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá wo ojú rẹ̀.

"Ìsàlẹ̀ lo ní ooru kọjú sí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Mẹ́rin tó wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé bí tèmi náà ni wọ́n ṣe rí?"

Láti ìgbà tí fóònù ti dún, ìyá rẹ̀ nìkan ló ń rò.

"Mo bi ọ́ léèrè."

"Bákan náà ni wọ́n, Màmá."

"Kí lo wá ń ṣe níbí?"

Ó pe olùdarí bó ṣe ń sáré jáde. Fóònù kò lọ. Ó rántí pé obìnrin náà máa ń pa á bí àwọn ọmọ bá ti fẹ́ sùn. Ó gun alùpùpù rẹ̀. Ọ̀nà tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ wá dà bí ẹni ń lọ sí ìlú mìíràn. Òjò ń pa á lójú, àdúrà kan ṣoṣo ló sì ń gbà: kí òun ṣì bá wọn láàyè.

Ó bá wọn láàyè. Ọmọ méjìlélógún ló sùn sórí ẹní, wọ́n bọ́ bàtà kéékèèké wọn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń pọ́n lókè, gbọ̀ngàn móoru dáadáa. Àwọn olùtọ́jú sì ti bá a ṣe ẹ̀ṣọ́ sí i: wọ́n gé bébà aláràbarà, wọ́n so ó pọ̀, wọ́n fà á láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ kan dé ẹ̀yìn èkejì kí inú àwọn ọmọ lè dùn. Lẹ́yìn ẹ̀rọ kẹta, bébà aláwọ̀ ewé ti pọ́n bíi búrẹ́dì tí wọ́n yan. Òórùn jíjó díẹ̀ ti wà nílé, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí.

Ó pa súìṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kó àwọn ọmọ síta. Ẹ má pariwo, kí ẹ̀rù má bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ká kó wọn báyìí."

Olùdarí wo aṣọ rẹ̀ tó rin gbingbin, ó wo ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọmọ. Nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn ti bọ́ sí yàrá kejì tòun ti ẹní rẹ̀, olùdarí wá ti ilẹ̀kùn, ó dojú kọ ọ́. Láti oṣù kan tí wọ́n ti mọra, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó ti di "o".

"Kí lo gbé kọ́ sórí àwọn ọmọ mi?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti páànù kan, ti apaná tó yọ, ti ọwọ́ ìyá rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé ó léwu?"

Ó lè ní òun kò mọ̀. Ìyẹn náà ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bébà tó ti pọ́n yẹn wà lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Ẹ̀rọ náà sọ fún mi, mà. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi ni mi ò gbọ́."

"Méjìlélógún ni wọ́n," olùdarí wí. "Àwọn òbí wọn ń bọ̀ ní aago mẹ́rin. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wàá dúró sí, ìwọ fúnra rẹ ni wàá sọ fún wọn."

Ó dúró síbẹ̀. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dé, lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ọ́. Àwọn kan bú u. Ìyá kan kàn gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó gba ọ̀nà mìíràn kó má bàa kọjá níwájú rẹ̀. Bàbá kan tó mọ̀ ọ́n dáadáa mi orí. "Èmi ni mo júwe rẹ fún wọn o," ó wí. "Mo ní kò sí iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ kò mọ̀." Èébú kò dùn ún tó ìyẹn.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀ràn iná wá ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa fún oṣù mẹ́ta. Kò bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ mú ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ iná wá kí wọ́n tó ṣí i. Ta ni ì bá tún mú wá?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, kò bá a jà. Ó ní kí ó kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà sókè bó ṣe wà, kí ó tàn án fún wákàtí kan. Ó yọ ẹ̀rọ tó ń ka ooru nínú páálí, ó dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn páànù.

"Kà á fún mi."

"Àádọ́sàn-án."

"Omi tó ń hó kò ju ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí tí o ní kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bí o bá wá tẹ́ aṣọ lé e, tí ooru kò ráyè jáde, kò síbi tí kò lè dé."

Wọ́n tú u. Wọ́n fi páànù kejì sí i, wọ́n fi àyè sáàárín, wọ́n fa ṣéènì jìnnà sí àjà díẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba òkè. Wọ́n yí páànù òkè ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá tẹ́ lé e lè yọ̀ bọ́. Ẹ̀gbọ́n wá na ọwọ́.

"Apaná tí o yọ dà?"

"Èyí tó bàjẹ́ yẹn?"

"Gbé e wá."

Ó wá a nínú agolo ìṣó, wọ́n dá a padà sáyè rẹ̀. Wọ́n tan ẹ̀rọ náà ní aago mẹ́jọ àárọ̀, àwọn méjèèjì jókòó tì í. Apaná kò dún tá ní ọ̀sán, kò dún ní ìrọ̀lẹ́. Àádọ́ta péré ni ẹ̀yìn rẹ̀ kà. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀gbọ́n fi ọ̀pá gígùn kan gbé aṣọ sókè, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í dí ojú àyè tí atẹ́gùn ń gbà, ó di aṣọ náà mú síbẹ̀. Kò pẹ́: tá! Iná kú.

"Ṣé o rí i?" ó wí. "Kò fìgbà kankan bàjẹ́."

Afọwọ́wọ̀n bojú. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, ó sunkún níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ọmọdé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ọwọ́ Màmá jinná, ṣùgbọ́n ìka méjì kò ká mọ́. Súwẹ́tà pupa náà ṣì wà lórí àga, apá kan ni ó ní. Ọmọ tí wọ́n ń hun ún fún ti dàgbà kọjá rẹ̀ báyìí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, Afọwọ́wọ̀n gbé tíì wá fún ìyá rẹ̀. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ tó ti jóná náà lé ara ife, ó dúró, ó mi orí.

"Ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n mọ́. Bá mi fọwọ́ kàn án wò, ọkọ mi. Ṣé kò gbóná jù?"

Ó na ọwọ́. Ó wo awọ yíyi tó wà lára àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fà á padà.

"Tèmi náà kò mọ̀ ọ́n, Màmá. Ó pẹ́ tí kò ti mọ̀ ọ́n." Ó dìde, ó lọ yọ ẹ̀rọ tó ń ka ooru nínú páálí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbójú sókè wo àjà yín lónìí. Ẹ wo ohun tó so rọ̀ síbẹ̀ àti ohun tó gbé e dúró, ẹ wo aṣọ tàbí bébà tó sún mọ́ ọn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ẹ bá sì ní ẹ̀rọ kan nílé tó ń kú ṣáá fúnra rẹ̀, tàbí fíùsì tó ń já lójoojúmọ́, ẹ má ṣe fi wáyà dè é kó lè máa jó. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ó wá wò ó. Ohun tó ń dún tá lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, ìka Màmá méjèèjì sì ni a fi san owó àìgbọ́ rẹ̀.